Ìyá Àgbà Tí N Kò Kọ Sínú Ìtàn

Ọjọ́ Ajé, 1 Júnì 1942
Páìpù — ọ̀gá wa òyìnbó, páìpù kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ — gbé ìwé ogun kan fún mi ní ọ́fíìsì, kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ohun tí Hitler ń sọ káàkiri ni: pé ẹ̀jẹ̀ àwọn Jámánì mọ́ ju ti gbogbo ayé lọ, pé ẹni tí kò bá ti ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn wá kò gbọdọ̀ bá wọn jókòó. Mo rẹ́rìn-ín títí. Irọ́ gbáà!

Ọjọ́bọ̀, 4 Júnì
Mo parí ìwé tí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Àríwá yìí ní kí n kọ lórí orírun wa. Ó dùn. Ìlà-Oòrùn ni Odùduwà ti wá, ẹ̀jẹ̀ ọba, kò ní àbùlà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lábùlà, àlejò ni láàárín wa — bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Stella ìyàwó mi kà á. Ó ní, "Bàbá Fẹ́mi, ṣé kì í ṣe èyí náà lẹ ń túmọ̀ ní ọ́fíìsì?" Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná.

Àìkú, 7 Júnì
Mo kà á fún ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ni Arùngbọ̀n, alága wa, bá dìde: "Ẹ gbọ́ bí? Silas ńkọ́?"

Silas — káfíńtà rélùwéè, igbá-kejì alága láti ọdún mẹ́sàn-án. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Gwárí ni ìyá rẹ̀; apá ibí ni wọ́n ti kó ìyá náà lẹ́rú lọ sọ́hùn-ún. Yorùbá Silas dán ju tèmi lọ.

Arùngbọ̀n ní kó kúrò lórí àga. Silas wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo ń to ìwé mi jọ. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ìṣẹ́gun, 9 Júnì
Mo tún ìwé mi kà, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí.

Ọjọ́rú, 10 Júnì
Kí n kọ ọ́ síbí, nítorí n kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi, Tápà ni. Wọ́n rà á lọ́jà ni, bàbá àgbà wá fi ṣaya. Òun ló pọ̀n mí dàgbà. Èdè Tápà ló fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Gbogbo ìgbà tí mo ń kọ ìwé yẹn ni mo mọ̀.

Ẹtì, 12 Júnì
Mo lọ bá Silas nílé rẹ̀ ní àdúgbò Ungwan Shanu lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ń fá pákó lójúde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà. Kò yà á lẹ́nu.

"Mo ti mọ̀," ó ní. "Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra ìyá àgbà rẹ àti ìyá mi lọ́jà. Títí wọ́n fi kú, ọmọ ìyá ni wọ́n ń pe ara wọn."

Mo ní, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?

"Haba, Japhet! Kí n tú ọ síhòòhò láwùjọ, kí n lè padà sórí àga?"

Ó ní kí n jókòó, kí n mu omi. Ì bá gbá mi létí, ìtìjú mi ì bá kéré.

Àbámẹ́ta, 13 Júnì
Mo sọ fún Stella: lọ́la, màá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó di ọwọ́ mi mú.

Àìkú, 14 Júnì
Wọ́n ní èmi ni kí n gba ipò Silas. Mo dìde láti sọ̀rọ̀ ìyá àgbà. Gbogbo ojú ń wò mí, Arùngbọ̀n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Stella ti pọn Fẹ́mi, ó ti jáde.