Mo Ti Yọ Fóònù Yín Kúrò Lára Ẹ̀rọ Ṣúgà Mi

Màmá,

Mo ti bọ́ àwọn ajá, mo sì ti lọ síbi tá a ti ń rẹ́ irun àgùntàn. Ẹ má wá mi wá o.

Ohun tẹ́ ẹ ṣe láàárọ̀ yìí ti sú mi. Mo sùn lé apá tí ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wà, ni ẹ̀rọ tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ bá parọ́ pé ṣúgà mi ti lọ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe rí i lórí fóònù yín tá a so mọ́ ẹ̀rọ náà, ẹ já wọ yàrá, ẹ ń da omi ọsàn sí mi lẹ́nu bí ẹni ń rọ ọmọ lágbo! Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Leanne tó ń bójú tó ṣúgà mi fi máa pè mí lórí fídíò, ṣúgà ti ga fíofío. Ó ní, "Tegan, kí lo jẹ?" Ẹ̀yin lẹ tún dáhùn! Ṣé èmi ni mo ní ìtọ̀ ṣúgà ni, àbí ẹ̀yin?

Mo ti yọ fóònù yín kúrò lára ẹ̀rọ náà. Ẹ bínú títí, mi ò ní dá a padà.

Ẹ bá mi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí omi ọsàn dà sí. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni.

Ọ̀gá wa bi mí pé ta ni kóun pè tí mo bá dákú lẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ńbà yín ni mo fún un. Ẹ má pa fóònù.

Tegan