Ìyá Rẹ Ti Di Ìjọba

Nurat ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bushrod Island? Ṣé òwò ń lọ, ṣé ariwo àwọn ọkọ̀ epo ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, àmín. Ara mi yá, ewúrẹ́ wa ti bímọ, ìyá rẹ náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti di ìjọba.

Ìjọba ní àwọn fẹ́ la ọ̀nà ńlá gba ẹ̀bá odò níhìn-ín ní Caldwell, pé kí àwa àgbẹ̀ kó ata àti ẹ̀gẹ́ wa kúrò. Àwa ní kò ṣeé ṣe. Ìyá rẹ ní kí wọ́n là á kíákíá, pé ọrùn òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà nítorí ẹrù tí òun ń rù lọ sọ́jà. Bí ìlú ṣe pín sí méjì nìyẹn. Ní mọ́ṣáláṣí, àgbẹ̀ ń kírun lápá fèrèsé, àwọn tó fẹ́ ọ̀nà ń kírun lápá ilẹ̀kùn. Onígbàjámọ̀ ò fá orí àgbẹ̀ mọ́, orí mi ti di igbó.

Tẹlifóònù ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Bàbá Zàíd, aládùúgbò wa, ní ìyá rẹ ti búlọ́ọ̀kù òun. Ó yà mí lẹ́nu, torí mo mọ̀ pé kò lówó búlọ́ọ̀kù. Mo yí ilé po, mo wo ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, n ò rí ẹyọ kan. Wọ́n tún ní Lèmọ́mù Abdulmumin ti kúrò nínú gúrúùpù. Mo sáré gbé adìyẹ lọ fún un pé ó dìgbà, àfi bí mo ṣe bá a nílé tó ń jẹ gúgúrú. Ó gba adìyẹ náà o.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ dé. Wọn ò rìn, ẹyẹ onírin kan ni wọ́n rán sókè, ó ń kùn bí agbọ́n lórí ata mi. Mo sọ ọ́ lókò bí mo ṣe máa ń ṣe fún ẹyẹ. Nurat, ojú mi kò tíì ṣe bàìbàì. Ó já lulẹ̀ gbì! Ni ọlọ́pàá bá mú mi, wọ́n ní ẹ̀rọ ayàwòrán ìjọba ni mo bà jẹ́.

Mi ò tíì jókòó dáadáa ní àgọ́ wọn tí mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ láti títì. Ó bi ọ̀gá wọn pé ta ló fún un láṣẹ láti ti ọkọ òun mọ́lé. Ọ̀gá ní ṣebí wọ́n ní ẹ̀yìn ìjọba ni ìyá wà. Ìyá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, òun fẹ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkọ òun ò ní bá òun rìn, kí ni òun fẹ́ fi í ṣe? Ó ní òun nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pè mí lólórí kunkun. Mo ṣe bí ẹni pé eruku ló kó sí mi lójú.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ pé kí n lọ wá owó apá ẹyẹ tó ṣẹ́. Lèmọ́mù wá pe tọ̀tún-tòsì jókòó, a sì gbà pé kí a kórè tán ká tó tún sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Jọ̀ọ́, bá mi wá nǹkan sí owó apá ẹyẹ yìí. Má fi í sínú fóònù bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé ìsinsìnyí, ojú tèmi ti là, owó lè jábọ́ lójú ọ̀nà. Dì í mọ́ aṣọ, kí o fún Níran tó ń wa kẹ̀kẹ́ wá síbí.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọ̀nà ẹlòmíràn gba àárín oko rẹ kọjá. Ìyá rẹ kí ọ. Ìjà wa kò tíì parí, ṣùgbọ́n ìdí abọ́ kan náà la ti ń jà á báyìí.

Èmi bàbá rẹ,
Àlùkò