Èmi Ni Mo Ń Tún Fíníà Ọkọ Mi Lẹ̀

Iṣẹ́ tí gbogbo Ìkòròdú fi ń yin ọkọ mi, èmi ni mò ń tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ò mọ̀ mí ni mo lè sọ ọ́ fún. Kápẹ́ńtà ni bàbá àwọn ọmọ mi, ìtòsí Èbúté ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, iṣẹ́ fíníà ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n... igi ọ̀gánwó tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú pákó arère kí kọ́bọ́ọ̀dù lè dà bí ọ̀gánwó látòkèdélẹ̀. Iṣẹ́ ojú ni. Ìlà igi gbọ́dọ̀ bára mu, gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dé ibi gbogbo, bí afẹ́fẹ́ bá kù sábẹ́ rẹ̀, ó máa wú bí ara tí omi gbígbóná bó. Ojú yẹn gan-an ló sì ń kú lọ.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò l'Ékòó ní kò sí oògùn rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ọwọ́ òun ṣì mọ igi. Àmọ́ gọ́ọ̀mù ń fo ibì kan, ìlà ń wọ́... Bó bá ti lọ kírun, mo máa fọn iná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, mo máa tẹ́ aṣọ tútù sórí ibi tó wú, mo máa tẹ̀ ẹ́ títí gọ́ọ̀mù á fi rọ̀ táá tún mú. Wíwò ni mo wò ó lọ́wọ́ rẹ̀, kò kọ́ mi. Bí oníbàárà bá ń kí i kú iṣẹ́, inú rẹ̀ á máa dùn, èmi á yára wọlé kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wá gbé iṣẹ́ mínbárì fún un, èyí tí Lèmọ́mù wọn máa gùn ka kutubá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má gbà á. Ó gbà á. Ní Jímọ̀ tó kọjá òjò dá a padà lọ́nà, ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nídìí mínbárì náà pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù. Ó fọwọ́ lé pákó náà.

“Igi yìí gbóná. Ìwọ ni, àbí?”

“Ẹ dákun, ẹ má bínú, èmi ni.”

“Ṣé èyí nìkan ni?”

Mi ò lè parọ́ fún un. Mo ní ó ti pẹ́. Kò pariwo, kò bú mi... ó kàn na ọwọ́ sí mi pé kí n mú òun lọ sílé. Kò jẹ́ kí n fa òun lọ́wọ́ lójú títì rí láyé.

Látìgbà náà ló ti kọjú sí ògiri. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti ránṣẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi wọn ń bọ̀ wá gbé mínbárì, ìdajì rẹ̀ ṣì wà láìlẹ̀, fíníà tó kù ti ń ká. Mo lè parí rẹ̀. Ṣé kí n parí rẹ̀, kó dà bí ẹni pé mo sin ín láàyè? Ṣé kí n dá iṣẹ́ padà, kí gbogbo ìlú gbọ́ pé ó ti fọ́jú? Ta ló tiẹ̀ máa gba mínbárì tí obìnrin kàn?

Láàárọ̀ yìí ó bi mí bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Oòrùn wà lójú rẹ̀ kedere... Kí ni kí n dá a lóhùn? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?