Ẹ Dá Iṣẹ́ Ilé Ṣábẹ Dúró

Òrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ṣé orúnkún Màámi ti fúyẹ́ díẹ̀? Ibà tó ń ṣe Rodiyat ìyàwó mi ti lọ, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀ níbí.

Ẹ dákun, ẹ dá ilé tí ẹ ń bá mi kọ́ nílùú wa ní Ṣábẹ dúró. Rodiyat fi fọ́tò ìpìlẹ̀ rẹ̀ han àwọn èèyàn lọ́jà, inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ọ̀kadà tó kó àwọn olóko wá láti Omifunfun àti Araromi-Obu kún iwájú báńkì kékeré mi, gbogbo wọn fẹ́ gba owó wọn. Bàbá Festus, àgbà olóko kan, ní, "Látìgbà tí o ti ń ta àdá fún wa la ti ń fowó pamọ́ sí ọ lọ́wọ́. Àjèjì tó bá ti ń kọ́lé sílé, ó ti fẹ́ máa lọ nìyẹn." Àlejò ni àwọn náà, wọ́n mọ ìṣe wa.

Mo sanwó fún gbogbo ẹni tó wá. Àwọn tí kò tíì wá ni kò jẹ́ kí n lè jókòó.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Màámi wá kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ mi. Tí àwọn olóko bá ń rí ìyá mi níbí, ọkàn wọn á balẹ̀. Ẹ sọ fún Màámi pé àárò wọn ń sọ mí, òótọ́ sì ni. Ẹ má sọ pé onídùúró ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Àbúrò yín,
Luqman