Katakata Kò Mọ Bàbá Rẹ Mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ mi kéékèèké tí wọ́n ń sáré kiri inú ilé yín. Mo gbà á ládùúrà kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí ibùsùn. Èmi náà ń bẹ láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn náà sì ti di ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ ni fóònù máa ń wà, ohun tí mo sì fẹ́ sọ, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Fara balẹ̀ kà á.

Ọ̀rọ̀ katakata kékeré wa ni mo fi máa bẹ̀rẹ̀, èyí tí bàbá rẹ fi ń gé koríko láàárín àwọn igi ọsàn. O mọ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó. Bí iná bá sọ nílé yìí, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé jáde kí wọ́n tó rántí pé àwọn níyàwó. Lẹ́yìn tí òjò dá, ó kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bàbá rẹ á gòkè, wọ́n á jókòó, wọ́n á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́. Á dákẹ́ rọ́rọ́. Kò tiẹ̀ ní ké "kẹ́" tí bátìrì tó ti rẹ̀ máa ń ké. Iná pupa iwájú rẹ̀ á tàn roro, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní mira.

Wọ́n ránṣẹ́ pe rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní Rọ̀bọ̀tọ̀, èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé fọkanáísà. Ó ti tún sanra ju bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Rọ̀bọ̀tọ̀ gòkè, ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá rẹ ní, "Ó kàn fẹ́ dójú tì mí ni." Rọ̀bọ̀tọ̀ rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá rẹ gòkè, katakata tún yadi. Rọ̀bọ̀tọ̀ padà wá, ó jókòó, ó ṣiṣẹ́. Èmi tí mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Bàbá wọn, katakata yín ti fẹ́ ọkọ tuntun o! Ọkọ tó lára ló ń wá." Wọ́n ní kí n máa fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ, pé ọjọ́ mi ń bọ̀. Àkọ́bí mi, àwàdà yẹn ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Rọ̀bọ̀tọ̀ ní àìsàn tó ń wá tó ń lọ ló le jù láti rí mú. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí bátìrì. Orí rẹ̀ ti hu nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun, ó fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ mọ́. Ó tú wáyà tí wọ́n so mọ́ ara irin, ó ha ìpẹtà abẹ́ rẹ̀, ó dè é padà kó le. Ó yọ àwọn fíúùsì wò. Ó gbé bátìrì tuntun sí i. Ó tú sítátà sílẹ̀, ó tún dè é padà, torí kò sí ohun tó ṣe sítátà. Nínú gbogbo wàhálà yìí, bí òun bá jókòó á ṣiṣẹ́, bí bàbá rẹ bá jókòó á dákẹ́. Bàbá rẹ wá gbà pé ọwọ́ àwọn ni kò dáa. Wọ́n ń rọra yí kọ́kọ́rọ́, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́. Koríko sì ti ga dé orúnkún nínú ọgbà.

Ìgbà tó sú Rọ̀bọ̀tọ̀, ó mú gílóòbù kékeré kan tó so mọ́ wáyà, ó ní òun máa tẹ̀lé iná náà láti ibi tó ti ń bọ̀ títí dé ibi tó ti ń sọnù. Ó gbé e kan ìdí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù tàn. Ó gbé e kan súìṣì abẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, bàbá rẹ tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Ó wá dé abẹ́ ìjókòó. Ó ṣàlàyé fún wa pé súìṣì kan wà níbẹ̀, ààbò ni wọ́n ṣe é fún: bí ènìyàn kò bá jókòó, katakata kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, kó má baà dá rìn lọ. Ara ẹni tó bá jókòó ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ jókòó, gílóòbù kò tàn. Rọ̀bọ̀tọ̀ na ọwọ́, ó tẹ ìjókòó náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan wọn, gílóòbù tàn. Ó yọ ọwọ́, gílóòbù kú.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó dáadáa." Bàbá rẹ ní, "Mo jókòó." Ó ní kí wọ́n sinmi lé e. Wọ́n ní, "Mo sinmi lé e, ìwọ ọmọ yìí! Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe?" Rọ̀bọ̀tọ̀ tú ìjókòó náà, ó yẹ súìṣì àti sípíríǹgì rẹ̀ wò, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ó nàró, ó wo bàbá rẹ láti òkè délẹ̀, ó wá wo ojú mi. Ni èmi náà bá wo bàbá rẹ.

Háà, ọmọ mi! Ṣòkòtò wọn ká jọ sí ìdí bí àpò tí wọ́n ti da ohun inú rẹ̀ nù. Bẹ́líìtì wọn, èmi fúnra mi ni mo fi ìṣó lu ihò tuntun sí i, mo tún lu òmíràn, mo ní awọ rẹ̀ ló ń nà. Ẹ̀wù wọn ń fẹ̀, mo ní fífún tí mò ń fún un jù nígbà tí mo bá ń fọ̀ ọ́ ni. Oúnjẹ tí wọ́n ń ṣẹ́kù sínú abọ́, mo ní àgbà ló dé. Kò sí èyí tí n kò rí níbẹ̀, kò sì sí èyí tí n kò rí àlàyé fún.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní inú ikùn ni àìsàn náà wà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní kì í dunni púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, pé ìyẹn ni wọn kò ṣe ké. Ó bi mí pé ṣé n kò rí i pé wọ́n ń rù ni. Mo ní katakata ni à ń tún ṣe. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n sì ti dá wọn padà sílé kí wọ́n máa wá gba abẹ́rẹ́. Dókítà kò sọ pé ìrètí wà, kò sì sọ pé kò sí. Ó ṣáà ní bí wọ́n bá ní ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn, ká jẹ́ kó mọ̀.

Bàbá rẹ ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ. Wọ́n ní o níṣẹ́, o lọ́mọ wẹ́wẹ́, kí n má da ọkàn rẹ rú. Gbogbo ìgbà tí o bá pè, tí o bá bi wọ́n pé, "Bàbá, ara ńkọ́?", wọ́n á ní, "Ara mi fúyẹ́." Ẹni tí ara rẹ̀ yá ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi máa ń dúpẹ́, tí èmi tí mo jókòó tì wọ́n náà á sì ṣe àmín. Wọn ò purọ́ fún wa. Ara wọn fúyẹ́ lóòótọ́, ó fúyẹ́ débi pé súìṣì kékeré kan kò mọ̀ pé ènìyàn jókòó. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni pé irin lásán ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, èmi tí mò ń sùn tì wọ́n kò mọ̀.

Nítorí náà, bí o bá tún pè, tí wọ́n bá ní ara àwọn fúyẹ́, má dúpẹ́ mọ́. Máa bọ̀ wálé. Má sọ pé èmi ni mo pè ọ́ o. Sọ pé ọsàn lo fẹ́ wá jẹ. Wọ́n á gbà ọ́ gbọ́, wọ́n mọ ọ̀fun rẹ dáadáa.

Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ilé ọkọ rẹ á tutù, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Àwọn ọmọ rẹ á dàgbà tọ́jú rẹ, wọ́n á sì máa fi ojú wọn rí i bí ara rẹ kò bá yá, kó tó di pé o ní láti sọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń wo ojú ọ̀nà.

Àfikún: Rọ̀bọ̀tọ̀ ní òun lè so wáyà méjèèjì abẹ́ ìjókòó pọ̀, kí katakata máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá ṣáà ti yí kọ́kọ́rọ́. Bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní katakata tí kò mọ̀ bóyá ènìyàn wà lórí òun, ewu ni. Nígbà tí Rọ̀bọ̀tọ̀ lọ tán, wọ́n tún gòkè jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ pa sítíárì rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Bí àkọ́bí mi bá dé, kó wá jókòó lé mi nítan bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Àwa méjèèjì á wúwo tó."