Bí Ilé Ìkàwé Wa Ṣe Dákẹ́

Òkè Fìà,
Òṣogbo.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì, 2025.

Ìwàlẹwà ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo sì kí Micah ọkọ rẹ. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tó ń bá Micah jà ti fi í sílẹ̀? Ara tèmi náà le díẹ̀, orúnkún ọ̀tún nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ọlọ́run tó mú wa rí ọdún yìí kò ní jẹ́ kí a sunkún ara wa.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé wọ́n ti fi ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín ní Iléṣà sí ọ lọ́wọ́. O ní àwọn ọmọ náà ń fa ìwé ya, wọ́n ń lé ara wọn yí tábìlì ká, ariwo wọn sì fẹ́ di ọ́ létí. O ní kí n kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí mo fi mú tiwa dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi máa ń rò pé kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Màá sọ fún ọ, ṣùgbọ́n kò dùn-ún sọ.

O mọ bí mo ṣe rí. Orí kunkun Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n fi ń bú mi nílé bàbá rẹ, òun náà ni mo gbé wọ ilé ìkàwé yìí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́dọọdún ni mo ń yan mónítọ̀ kan. Ti ọdún yìí ni Àdúràolúwa, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì karùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ orúkọ àwọn aláriwo sójú bọ́ọ̀dù, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé ìwé láti ìgbà tí èmi fúnra mi ti wà lọ́mọdé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde lẹ́ẹ̀kan, yóò kúnlẹ̀, yóò fi ìka lé ẹnu. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, màá gba káàdì rẹ̀, kò sì ní wọlé mọ́ títí sáà yóò fi parí. N kì í gbọ́ àwíjàre. Ohun tó bá ti wà lójú bọ́ọ̀dù ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò pé oṣù méjì tí mo bẹ̀rẹ̀ tí ariwo fi tán, ọ̀gá wa sì ń fi mí yangàn kiri.

Ní oṣù kẹwàá tó kọjá ni Munawwarah dé sọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, híjáàbù rẹ̀ a sì máa mọ́ tónítóní. Ọmọ náà fẹ́ràn ìwé ju súìtì lọ. Ṣùgbọ́n kò lè kàwé kó panu mọ́. Bó bá ti ṣí ìwé, ohùn rẹ̀ á sọ, á máa mi ara síwá sẹ́yìn, á máa na ìka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á máa pè é jáde kedere. Àwọn tó kù á máa rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á máa sín in jẹ. Mo kìlọ̀ fún un, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó dákẹ́. Kò pẹ́, ohùn tún sọ. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo sọ sí i: mo ní bó bá jẹ́ Ọjà Ọba ni ìyá rẹ̀ bí i sí, kó padà síbẹ̀ lọ máa pariwo.

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì orúkọ rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Orí ìlà àárọ̀ ni mo ti gba káàdì rẹ̀, níṣojú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn tó kù lè kọ́gbọ́n. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń rí i tó ń yọjú lójú fèrèsé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kàwé, mo sì tún máa ń lé e níbẹ̀. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, kò wá béèrè káàdì rẹ̀ mọ́, èmi náà kò sì rántí fún un.

Ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, mo lọ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan. Ilé kéú ni. Àwọn ọmọ bí ogún jókòó sórí ẹní, kálukú pẹ̀lú wàláà rẹ̀, wọ́n ń mi síwá sẹ́yìn, wọ́n ń ké ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ jáde. Ohùn kan borí tàwọn yòókù, Munawwarah ni. Bàbá rẹ̀, Áfáà Abdulhameed, ló ń kọ́ wọn. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ kékeré kan pé: "Gbé ohùn rẹ sókè. Ẹni tí a ò gbọ́ ohùn rẹ̀, kò tíì kà."

Ìwàlẹwà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. Èmi tí wọ́n tọ́ nílé Mẹ́tọ́díìsì, tí bàbá mi ń fi ojú ka Bíbélì láàárọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ húkọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohùn ni ìwé kíkà tiwọn. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ nílùú Òṣogbo yìí. Àwọn tó ń ti ilé kéú wá sọ́dọ̀ mi kò níye. N kò bi ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn léèrè rí.

Áfáà dá mi mọ̀. Ó dìde, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Ó ní òun ti gbọ́ ohun tí ọmọ òun ṣe nílé ìwé, òun sì ti nà án dáadáa. Ó ní, "Tíṣà kì í parọ́ mọ́ ọmọdé, mà. Ẹ bá mi dárí jì í." Mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé mo ti dárí jì í. Èmi ni mo dárí jì í o! Mo mu omi wọn, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo dá káàdì rẹ̀ padà fún un. Ó wọlé, ó mú ìwé, ó jókòó ṣánṣán. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é, ó fi ìka lé ẹnu ara rẹ̀, ó wá ń fi ọwọ́ kejì ṣí ìwé náà, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Mo rọra sún mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀, mo bi í pé kí ló ti kà. Ni ọmọ náà bá kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, mà, n kò kàwé. Mo kàn ń ṣí i ni. N kò ka nǹkan kan. Ẹ bi mónítọ̀, mà."

Àdúràolúwa náà jẹ́rìí sí i. Ó ní lóòótọ́ ni, mà, kò kàwé.

Láti ọjọ́ náà, mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti jókòó tì í, mo ka ìwé sókè fún un kó lè bá mi kà á, ẹnu mi ló ń wò. Bàbá rẹ̀ ní kó máa wá, nítorí náà ó ń wá. Ó ń ṣí ìwé dé ìparí, ó ń dá a padà sí àyè rẹ̀, ó ń kí mi, ó ń lọ.

Ohun tí o béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí o bá fẹ́ kí ilé ìkàwé rẹ dákẹ́, wá bọ́ọ̀dù, wá ẹfun, kí o wá ọmọ kan tó mọ orúkọ kọ. Yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́, kí o tó kọ orúkọ ọmọ kankan, lọ jókòó tì í, kí o gbọ́ ohun tó ń fi ẹnu rẹ̀ sọ. Àwọn tó ń fa ìwé ya, bá wọn wí. Má pa wọ́n pọ̀ mọ́ ẹni tó ń kà á.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní etí tí èmi kò ní. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ẹkún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ó rí mi, n ó rí yín, ní àlàáfíà.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Susannah Fásanmí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní wọn kò rí ilé ìkàwé tó tòrò tó tiwa rí, wọ́n sì ní kí n wá sí Iléṣà lóṣù kẹrin wá kọ́ ẹ̀yin tíṣà. Mo ti gbà láti wá. Jókòó síwájú. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán tí n kò dárúkọ Munawwarah, dìde, kí o bi mí nípa rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Má wò ó pé ìyá rẹ ni mí.