Ìgò Pupa Inú Àpò Happiness

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta
Mo tún kú. Inú géèmù ni o. Onírù-iná ló pa mí, ẹranko burúkú tó dúró sẹ́nu afárá. Fúnminíyì ọkọ mi ló kọ́ mi ní géèmù yìí lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó wa, lórí fóònù ẹ̀. Orúkọ mi ló fún jagunjagun tá à ń darí — Happiness. Èmi ò lè pe orúkọ tiẹ̀ lójú ẹ̀, ojú ń tì mí. Nínú ìwé yìí, Gíga ni mò ń pè é.

Gíga ní, Happy, ìgò pupa kún àpò ẹ báyìí, o sì ń kú? Oògùn ni. Mu ún!

Mo ní ẹ jẹ́ ó wà. Bí èyí tó burú jù báyìí lọ bá dé ńkọ́?

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta
Mo kú. Mo tún kú. N ò mu nǹkan kan.

Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta
Gíga ti ríṣẹ́ ìtẹ̀wé l'Ábújá. Ọjọ́ Ajé ló ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ẹ̀ tó wà l'Ákùngbá, ọjà ò lọ mọ́. Ó ń mú fóònù lọ — kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni tèmi. Ó ní a gbọ́dọ̀ jọ pa Onírù-iná kóun tó lọ. A jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni.

Lálẹ́ ó ní kí n gbé oyin wá, òun fẹ́ fi jẹ búrẹ́dì. Oyin inú ẹrù ìyàwó mi! Tí mo gbé wá láti Ìkàrẹ́, tí n ò tíì ṣí! Mo ní rárá, ti ìsọmọlórúkọ ni.

Màámi, ìyá ẹ̀, gbójú sókè. “Ìyàwó, o lóyún ni?”

“Rárá, mà.”

“Oyin wá ń dúró de ta?”

Mo sá wọ kíṣíìnì.

Àìkú, 9 Oṣù Kẹta
Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Onírù-iná kù díẹ̀ kó kú. Èmi náà kù díẹ̀. Gíga ń pariwo — mu ún! mu ún! Ọwọ́ mi ò lọ síbẹ̀. Mo kú.

Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: “Happy, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn eléyìí mọ́. Òun ló kẹ́yìn.”

Ta ló sọ fún mi? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Gbogbo igbó tí mo gbà kọjá, tí mo ń ṣa ìgò! Ká tó tún un ṣe, fóònù kú. Iná ò sí káàkiri Ọ̀kà níbí.

Ajé, 10 Oṣù Kẹta
Ó lọ. Búrẹ́dì lásán ló jẹ.

Àìkú, 16 Oṣù Kẹta
Yàrá yìí ti fẹ̀ jù.

Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta
Gíga pè. Ó ti pa Onírù-iná. Mo ní ìgò mélòó lẹ lò? Ó ní mẹ́ta. Mẹ́ta péré! Ìyókù ńkọ́? Ó ní géèmù ti parí, wọn ò wúlò mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló yẹ kí n wà.

Mo ṣí àpótí. Mo já ọ̀rá ẹnu ìgò oyin. Mo lá a. Ó dùn — adùn yẹn tún wá bí mi nínú. Mo bu ṣíbí kan fún Màámi. Ó ní ọmọ tó bá dé á bá tiẹ̀.

Lọ́la mò ń lọ sí gáréèjì Ìkàrẹ́. Suleiman tó ń wa ọkọ̀ Àbújá ni màá gbé ìyókù oyin fún, kó gbé e fún Gíga. Mo ti ń kọ́ ẹnu mi ní ohun tí màá ní kó sọ: Happiness ní kẹ́ ẹ má fi pamọ́ o. Kẹ́ ẹ lá a tán.